Kì Í Ṣe Lẹ́yìn Àìsàn Ránpẹ́: Ìgbésí Ayé Màmá Christianah Àrínọlá Akínlabí, 1956 sí 2025

Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ajílété, ni orírun ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti kọ́kọ́ ké sí ayé, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 1956. Bàbá wọn ni Olóògbé Jòsáyà Àkàngbé, káfíńtà ní ilé-iṣẹ́ reluwé. Ìyá wọn ni Olóògbé Làbákẹ́ Àkàngbé, tí ó ń ta bọ́tìnì, òwú àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí àwọn méjèèjì: Yínká ni àkọ́bí, ìyá wa tẹ̀lé e, Láyí sì ni àbíkẹ́yìn. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run tí ẹ bá wa pé síbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ìwé yìí dé òpin. Ó gùn díẹ̀ ju bí a ṣe máa ń kọ ọ́ lọ, ìdí rẹ̀ kò sì ní pẹ́ hàn.

Ilé oníyàrá méjìlá ni wọ́n gbé dàgbà, ilé tí èèyàn kò ti lè dín ẹyin kí ará ilé má mọ iye tó dín. Ní ọdún 1967, nígbà tí ìyá wa jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, sítóòfù kẹrosíìnì gbiná ní yàrá Ìyá Munirah, alábàágbé wọn, ní ọ̀sán gangan. Ìyá Munirah kò kọ́kọ́ bu omi, wọn kò sì kọ́kọ́ gbé ẹrù. Igbe ni wọ́n kọ́kọ́ fi bọ ẹnu: "Iná o! Ẹ gbé kẹrosíìnì yín jáde o! Ẹ fi omi rin aṣọ o!" Kíá ni gbogbo ilé ti rin bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ta á sí ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n gbé gbogbo ohun tí iná lè jẹ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá Ìyá Munirah jóná kanlẹ̀. Yàrá mọ́kànlá tó kù, èéfín nìkan ló kàn wọ́n. Oṣù mẹ́ta ni Ìyá Munirah fi sùn sí yàrá àwọn ìyá wa, kò sì sí ẹni tó dá wọn lẹ́bi. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé bí Ìyá Munirah bá ti tìtorí ìtìjú bo iná yẹn mọ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ilé yẹn ì bá ti di eérú. Ẹ jẹ́ kí ìtàn yìí wà lọ́kàn yín.

Ìyá wa ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta láti 1962 sí 1968, wọ́n ka ti girama ní Surulere láti 1969 sí 1973. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n di olùkọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1974, nínú ọyẹ́, ọ̀fìnkìn mú Bàbá Jòsáyà ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sì jáde láyé ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọkùnrin tó ń gbé pákó kọ́ èjìká láàárọ̀! Ìyá wa ní ohun tó yà àwọn lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó pa á. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé ó sùn nínú Olúwa "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́", ó parí síbẹ̀. Ìyẹn ló sọ wọ́n di akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Yaba, láti 1975 sí 1979.

Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2016. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún rí. Ẹ̀yin náà lè jẹ́rìí pé ọwọ́ wọn fúyẹ́, ẹnu wọn kò fúyẹ́ rárá. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó wá ṣàyẹ̀wò á gbọ́ ti ẹnu wọn kí ó tó gbọ́ èsì. Nígbà ọyẹ́, wọ́n máa ń gbé tẹmọ́mítà láti ojúlé dé ojúlé ní àdúgbò wa lẹ́yìn Ojú Ẹlẹ́gbà, tí wọ́n á máa bèèrè ẹni tí ara rẹ̀ gbóná. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ wọ́n ní Ìyá Tẹmọ́mítà. Wọ́n ṣe bí ẹni pé inú bí wọn sí orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n kọ sí nọ́ńbà ara wọn nínú fóònù wọn.

Iṣẹ́ ló mú wọn mọ ọkọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí Akínlabí, òǹtẹ̀wé ní Mushin. Láyé ìgbà náà, lẹ́tà òjé ni wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tú u ká, wọ́n á dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí ilé tirẹ̀ nínú àpótí. Ìwé ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bàbá wa. Ní 1982, ilé ìwòsàn gbé fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún wọn tẹ̀. Nígbà tí ìyá wa wá kó o, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí aláìsàn sí, "Ọjọ́ Ìsìnkú" ló wà níbẹ̀, nínú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ̀rún kan. Bàbá wa ti gbàgbé láti yọ ìlà yẹn kúrò nínú iṣẹ́ tó ṣáájú. "Ẹ má bínú, Àǹtí," ni wọ́n wí, "iṣẹ́ òkú ló wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀." Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lórí bébà. "Ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ gbà lára wọn o, bùrọ̀dá. A ò tíì ní ká sin wọ́n!" Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1983 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn ní Yaba, níbi tí ìyá wa ti di olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá lẹ́yìn náà.

Gbólóhùn kan wà tí bàbá wa kì í tú ká ní gbogbo ọdún yẹn. Nítorí pé kò sí ẹbí tí kì í béèrè fún un, wọ́n tò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi òwú dúdú dì í, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí ó lè yá fún ìlò: LẸ́YÌN ÀÌSÀN RÁNPẸ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé tí àpótí òjé di ohun ìgbàgbé, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n fi ń tẹ bébà kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ. Ìyá wa kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé òjé yẹn ti purọ́ ju olóṣèlú lọ.

Ní 1991, Yínká, ẹ̀gbọ́n wọn, kú ní ẹni ọdún méjìdínlógójì, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí ikọ́ àti ibà mú un. Bàbá wa ló tẹ ìwé rẹ̀, òjé yẹn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ní 2009, Motọ́lání, ọmọ Yínká, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, sùn, kò jí, lẹ́yìn ọ̀fìnkìn ọjọ́ mẹ́rin. Gbólóhùn kan náà ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àrùn kòrónà mú Láyí, àbúrò wọn, lọ, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn méjì tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kàn sín, tí ara wọn sì yá. Èèyàn mélòó kan péré ló lè dé ibi ìsìnkú rẹ̀. Síbẹ̀ a tẹ ìwé, a sì tún kọ ọ́ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú Láyí ni ìyá wa lọ sí Mushin, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá wa ń tọ́jú ẹ̀dà kan nínú gbogbo ìwé tó tẹ̀ sí. Wọ́n yọ ti Yínká, ti Motọ́lání àti ti Láyí. Wọ́n mú ti bàbá wọn láti inú Bíbélì wọn. Wọ́n tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun wa, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí ojú ibì kan náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀fìnkìn ọyẹ́, ikọ́ àti ibà, ọ̀fìnkìn, kòrónà: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ àrùn tí ẹlòmíràn ń lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ibùsùn fún, tí yóò sì dìde. "Ìdílé kan ṣoṣo nìyí," ni wọ́n wí, "ìwé mẹ́rin, irọ́ kan. Ká ní a ti kọ òótọ́ sí àkọ́kọ́ ni, bóyá a kì bá tí tẹ ìkẹta."

Àwọn oníṣègùn kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí gbà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wa wò láti fi mọ ohun tó ń ṣe ìdílé Àkàngbé. Èsì dé ní 2022. A ó sọ ọ́ bí ìyá wa ṣe sọ ọ́ fún wa, nítorí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni ó fi yé wa. Ara èèyàn jẹ́ ilé ńlá, yàrá inú rẹ̀ kò lóǹkà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Bí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì bá ráyè wọ yàrá kan, á máa fi ohun èlò inú yàrá yẹn bí ara rẹ̀. Yàrá tó wọ̀ yẹn sábà máa ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó bàjẹ́, igbe ni í ké. Igbe náà jẹ́ èròjà kan tó ń pèsè, tó sì ń dà síta, wọ́n ń pè é ní intafẹ́rọ́ọ̀nù. Intafẹ́rọ́ọ̀nù á kan ìlẹ̀kùn àwọn yàrá tó wà ní ìtòsí. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà á gba iṣẹ́ náà, wọ́n á fà á lé ara wọn lọ́wọ́ títí yóò fi dé ìyẹ̀wù, níbi tí ìwé ìlànà ilé wà. Wọ́n á ṣí ìwé yẹn sí ojú ewé ogun. Yàrá kọ̀ọ̀kan á wá pèsè ohun tí yóò fi gé fáírọ́ọ̀sì wẹ́wẹ́ bí ó bá wọlé, á dín iṣẹ́ inú rẹ̀ kù kí àlejò burúkú má bàa rí nǹkan lò, á sì ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀. Ara ríro àti ibà tí ń ṣe wá nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú wa, apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ariwo igbe yẹn.

"Ohun tí Ìyá Munirah ṣe náà nìyẹn," ni wọ́n wí fún wa. "Iná jó yàrá tiwọn, ṣùgbọ́n a gbọ́, a fi omi rin aṣọ. Ní ìdílé tiwa, àbùkù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún. Sẹ́ẹ̀lì wa ń ké, àmọ́ kì í tètè ké. Kó tó la ẹnu, iná ti dé yàrá kẹwàá." Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló jogún rẹ̀. Ẹni tó sì jogún rẹ̀ lè gbó, kó tọ́, bí ìyá wa ṣe gbó. Kò ní àmì lójú. Ohun tó ń béèrè ni kí a tètè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹni tó bá ní in sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ tí ara bá kọ́kọ́ gbóná, kó má jókòó ti àgbo fún ọjọ́ mẹ́rin.

Èèyàn á rò pé Ìyá Tẹmọ́mítà á pariwo ọ̀rọ̀ yìí káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èkó. Wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Alàgbà Túbọ̀sún Àkàngbé, àbúrò bàbá wọn àti olórí ẹbí wa, bẹ̀ wọ́n. Ṣìmí, ọmọ Láyí, ti ní àfẹ́sọ́nà. "Àrínọlá," ni Alàgbà wí, "bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ta ni yóò fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ wa? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wọlé ọkọ ná." Ọmọ tí kò ní bàbá mọ́ ni Ṣìmí, ọwọ́ ìyá wa ló sì wà. Àwa tí a wà nílé nìkan ni wọ́n sọ fún, wọ́n sì gbà láti fi ìyókù pamọ́ títí di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi, àwa náà bá wọn gbà. Ìfẹ́ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún yìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ẹbí Rilwan, àfẹ́sọ́nà Ṣìmí, wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Surulere. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni ọ̀nà ọ̀fun ti ń dun ìyá wa. Bí wọn kò bá wá, àwọn àna á bèèrè wọn. Bí wọ́n bá fi ìbomú wá, àwọn àna á bèèrè ìdí. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọn kò gbé ọmọ kankan, nígbà tí àwọn ọkọ sì dọ̀bálẹ̀, ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti fi owó ránṣẹ́ sí wọn. A rò pé àgbà ń ṣe yànga ni. Láti Àbámẹ́ta títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi dá ibà yẹn gbé nínú yàrá, kí ìròyìn àìsàn má bàa tẹ̀ lé àwọn àna délé. Obìnrin tó kọ́ gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n tètè ké, òun ló dákẹ́. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò fi hàn pé fulúù ni, ó sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Àwọn oníṣègùn ṣe gbogbo ohun tí agbára wọn ká.

Ó dùn wá. Ó dùn wá dé egungun, a kò sì lè fi èdè dídára bò ó mọ́lẹ̀. Lórí ibùsùn yẹn, wọ́n di ọwọ́ bàbá wa mú, wọ́n yọ páìpù afẹ́fẹ́ kúrò ní imú díẹ̀, wọ́n ní: "Rótìmí, mo dákẹ́ jù. Tèmi tó o máa tẹ̀ yẹn, má lo òjé yẹn. Ohun tó pa mí ni kó o kọ." Wọ́n jáde láyé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ọdún 2025, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

A kò ní fi pamọ́ pé ìpàdé ẹbí gbóná lórí ìwé yìí. Motúnráyọ̀, àkọ́bí wọn, tí a ní kí ó kọ ọ́, ti kọ ọ́ tán, a sì kà á sétí Alàgbà Túbọ̀sún. Alàgbà ní kí a kọ gbogbo rẹ̀, ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nítorí Ṣìmí. Ṣìmí ló dìde. Ó kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ jẹ́ wọ́n kọ ọ́. Dádì mi wà nínú ìwé mẹ́rin yẹn. Tí wọn ò bá fẹ́ mi torí ẹ̀, wọn ò fẹ́ mi náà nìyẹn. Àmọ́ Bìgì Mọ́mì kò gbọ́dọ̀ tún kú lásán torí tèmi."  Alàgbà bú sẹ́kún, wọ́n ní ẹnu àwọn ni àwọn fi pa ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ojú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ni kí a kọ́kọ́ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kò mọ ohun tí àyẹ̀wò ń wá lára ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún tí fáírọ́ọ̀sì ti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ìyá wa ti lọ nìyẹn.

Fún ìdí èyí, ẹ̀yin ọmọ Àkàngbé níbikíbi tí ẹ bá wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Èbúté Mẹ́ta, ní òkè òkun: ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ gba abẹ́rẹ́. Bí ara ọmọ yín bá gbóná, ẹ má dúró de ọ̀la. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kò sì sí ẹni tó ṣe wá.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni: ọkọ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí Akínlabí, àwọn ọmọ wọn, Motúnráyọ̀, Múyìwá àti Moyọ̀sọ́lá, ọmọ-ọmọ márùn-ún, Ṣìmí, ọmọ àbúrò wọn tí wọ́n tọ́ bí ọmọ inú wọn, Alàgbà Túbọ̀sún Àkàngbé, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹbí, ará ìjọ àti ará àdúgbò. Gbogbo ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Àkàngbé nínú àwọn tí a dárúkọ yìí ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò. Motúnráyọ̀ àti Ṣìmí ní kí a sọ ọ́ pé ó wà lára àwọn. Èsì àwọn yòókù jẹ́ ti oníkálukú. Àwọn àna Ṣìmí ti gba ẹ̀dà ìwé yìí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún wọn. Títí di àsìkò tí a ń tẹ̀ ẹ́, wọn kò tíì fèsì. Rilwan nìkan ló ti wá, ó sì bá wa to àwọn àga tí ẹ jókòó lé yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a parí ìwé yìí, bàbá wa gbé òjé yẹn kúrò lórí bébà. Wọ́n wá àpótí àtijọ́ jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n gbọn eruku rẹ̀ dànù. Wọ́n tú òwú dúdú tí wọ́n ti dì mọ́ ọn láti nǹkan bí ogójì ọdún ó lé, wọ́n sì ń dá àwọn lẹ́tà náà padà sí ilé wọn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹyọ kan lórí tábìlì.  

Christianah Àrínọlá, ọmọ Àkàngbé, ìyá wa, fulúù ló pa yín, nínú ara tí kò tètè ké. Ẹ̀yin ti ké báyìí. Kí Olúwa tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ sùn re o, Màmá. A ti gbọ́.